Ìwọ̀nba orí búrọ́ọ̀ṣì: Ìdáhùn sí lẹ́tà yín lórí ọṣẹ ìfọyín àwọn ọmọ kékeré

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín o. Láti ìgbà tí mo ti kọ̀wé nípa eyín àkọ́hù lójú ewé yìí ni lẹ́tà yín kò ti kúrò lórí ọṣẹ ìfọyín: èwo ni kí a rà, báwo ni kí ó ṣe pọ̀ tó, ṣé kì í ṣe májèlé ni a ń fi sẹ́nu ọmọ. Eyín ọmọdé ni iṣẹ́ mi, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí ohun tí ọ̀rọ̀ yìí ń dá sílẹ̀. Mo ti yọ orúkọ yín kúrò bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, mo sì gé àwọn lẹ́tà tó gùn kúrú.

*Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún kan àtoṣù mẹ́fà, eyín rẹ̀ ti tó méjìlá. Mo kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé flúóráìdì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ọṣẹ tí kò ní flúóráìdì rárá ni mo wá ń rà fún un, ó sì wọ́n gan-an. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní owó ni mo ń fi ṣòfò. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? — Ìyá Àkọ́bí*

Ìyá Àkọ́bí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ yín ló jàre. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó ń bà yín ní ìdí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ ṣàlàyé. Flúóráìdì ni èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọṣẹ ìfọyín láti dáàbò bo eyín.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ara eyín máa ń sọ ṣúgà tí a bá jẹ di ásíìdì. Ásíìdì yìí á máa fa èròjà líle ojú eyín jáde díẹ̀díẹ̀, itọ́ ẹnu á sì máa dá a padà. Nígbà tí fífà bá borí dídápadà, ihò dé nìyẹn. Bí flúóráìdì bá wà lójú eyín lásìkò náà, á mú kí èròjà tó ti jáde tètè padà sáyè rẹ̀, èyí tó padà sì máa ń le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ásíìdì kò ní tètè rí i mú mọ́. Ojú eyín ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, kò nílò kí ọmọ gbé e mì kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọṣẹ tí kò ní flúóráìdì á mú kí ẹnu ọmọ máa ta sánsán, búrọ́ọ̀ṣì á sì gbá ìdọ̀tí kúrò, ṣùgbọ́n ààbò tí mo ń sọ yìí kò sí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ wá ńkọ́? Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, National Toxicology Program, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa májèlé, gbé ìròyìn kan jáde. Wọ́n ní ibi tí flúóráìdì inú omi mímu bá ti ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan, ó jọ pé ìwọ̀n òye àwọn ọmọ ibẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ní ti mílígíráàmù 0.7, tí í ṣe iye tí ìjọba Amẹ́ríkà dámọ̀ràn fún omi ẹ̀rọ tiwọn nígbà náà, wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò tó láti sọ bóyá ó ń ṣe irú ohun bẹ́ẹ̀. Omi tí ènìyàn ń mu láti ìgbà oyún ni ìròyìn yẹn dá lé lórí jù, kì í ṣe ọṣẹ tí a fi kan eyín. Síbẹ̀, ohun tó kọ́ èmi ni pé ìwọ̀n ṣe pàtàkì. Orí ìwọ̀n gan-an ni kí á sì ti bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn túùbù ọṣẹ, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí ppm tẹ̀lé. 1000 ppm túmọ̀ sí pé mílígíráàmù 1 flúóráìdì ló wà nínú gíráàmù 1 ọṣẹ. Ọṣẹ tó tó hóró ìrẹsì kan kò ju bíi gíráàmù 0.1 lọ. Bí ọmọ yín bá fọyín láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kò tu ẹyọ kan dànù, mílígíráàmù 0.2 ló gbé mì lọ́jọ́ náà. Àwọn onímọ̀ ìlera Amẹ́ríkà ti fi ààlà sí i láti ọdún 1997: fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́jọ, kí gbogbo flúóráìdì tó ń wọ ara rẹ̀ lóòjọ́ má ju mílígíráàmù 0.1 lọ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ọmọ oníkílò 10 lè dé mílígíráàmù 1 nígbà náà. Ìdá márùn-ún rẹ̀ péré ni hóró ìrẹsì méjì yìí.

Ẹ wá wo òdìkejì. Bí òbí bá tẹ ọṣẹ kún irun búrọ́ọ̀ṣì láti orí dé ìdí, ó lè tó gíráàmù 1. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta kò mọ itọ́ ọ tu, ó lè gbé ìdajì mì tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó fọyín lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ìyẹn, ó ti kan ààlà, a kò sì tíì ka ti omi àti oúnjẹ mọ́ ọn. Túùbù kan náà ni o, ọmọ kan náà. Ọwọ́ tó tẹ túùbù ló yàtọ̀.

Mo máa ń gbé búrọ́ọ̀ṣì àti túùbù fún òbí níbi iṣẹ́, màá ní kí wọ́n fi iye tí wọ́n ń fi sí i nílé hàn mí. Àtẹni tó wa mọ́tò tirẹ̀ wá, àtẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá, ọ̀pọ̀ wọn ló ń tẹ ọṣẹ kún orí búrọ́ọ̀ṣì gígùn gbọọrọ. Àwòrán ìpolówó ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, níbi tí ọṣẹ ti ń dà wálẹ̀ létí búrọ́ọ̀ṣì. Ó ń dùn mí gidigidi, nítorí ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fi àwòrán yẹn kọ́ ìyá rẹ̀ láti fún ní àfikún ohun tí kò nílò.

Nítorí náà, ẹ padà sí ọṣẹ tó ní flúóráìdì, tó tó 1000 ppm, kí ẹ fi ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan sí i títí ọmọ á fi pé ọdún mẹ́ta. Láti ọdún mẹ́ta dé mẹ́fà, ó lè tó hóró ẹ̀wà kékeré kan, bíi gíráàmù 0.25. Ohun tí American Dental Association, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà, ń sọ láti ọdún 2014 nìyẹn, òun náà sì ni ẹgbẹ́ oníṣègùn eyín mẹ́rin ní Japan fẹnu kò lé lórí ní oṣù Kìíní ọdún 2023. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n ọkọ yín.

*Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti ń jáde nílé, ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó wọlé. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Túùbù ọṣẹ àgbàlagbà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò, àgbà yẹn ló ń bá mi mójú tó wọn. Eyín iwájú àbíkẹ́yìn ti ń dúdú, méjì ti kẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀ sọ lójú àwọn òbí yòókù pé ọ̀bùn ni wá. Ojú tì mí débi pé mo sunkún délé. Agbára mi ò ká ọṣẹ ọmọdé. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin*

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú làálàá ọmọ. Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ yẹn sọ kò tọ́, ibi tó ti sọ ọ́ kò sì yẹ. Ọmọ tí ara rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí aṣọ rẹ̀ ń dán, eyín rẹ̀ lè kẹ̀. Bí a bá dójú ti ìyá, kò ní mú ọmọ wá sọ́dọ̀ wa mọ́, ọmọ ló sì máa jẹ̀rora rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ ní 2022 pé bíi mílíọ̀nù 514 ọmọdé lágbàáyé ni eyín àkọ́hù wọn ti kẹ̀. Kì í ṣe yín nìkan o. Ìròyìn yẹn kan náà sì sọ ohun tí gbogbo wa nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ̀ tipẹ́: àwọn tí nǹkan kò ṣẹnuure fún ni ìyà eyín ń jẹ jù. Èmi kò gbà pé ìfẹ́ ọmọ ló kéré nínú ilé wọn. Ẹ wo ohun tó ń fà á. Ọmọ tí àkókò ìyá rẹ̀ kò tó máa ń pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọyín, ó lè ti pé ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó rántí eyín rẹ̀, nígbà tó sì jẹ́ pé láti ọjọ́ tí eyín àkọ́kọ́ bá yọ ni ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Àgbà tó yẹ kó dúró tì í lálẹ́ ti rẹ̀ tán. Ohun dídùn ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nítorí òun ló yá jù, òun ni owó sì ká. Ọ̀nà ilé ìtọ́jú eyín jìn, owó ibẹ̀ ga, a ò ní lọ àfi tí ìrora bá dé. Kò sí èyí tó jẹ́ ọ̀bùn nínú gbogbo ìwọ̀nyí.

Ilé tí owó wà náà ní wàhálà tirẹ̀. Wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀, wọ́n lè fọ̀ ọ́ déédéé, ṣùgbọ́n ọmọ á mú túùbù olóòórùn èso fúnra rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á lá a, nítorí wọ́n fẹ́ kí ó tètè dá dúró. Ọmọ tí a tètè bẹ̀rẹ̀ sí í fọyín fún, tí a kò sì wọn ọṣẹ fún, ni flúóráìdì àgbémì lè pọ̀ lára rẹ̀. Ọmọ tí a kò tètè bẹ̀rẹ̀ fún, eyín rẹ̀ kò rí i tó. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún yín ni pé kí ẹ má rò pé ohun tí ẹlòmíràn ń rà ni ẹ̀yin kò ní.

Ẹ gbọ́ o: ọṣẹ àgbàlagbà tí ẹ ń lò yẹn dára fún àbíkẹ́yìn yín. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó wà láàárín 1000 àti 1500 lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má wá nǹkan mìíràn lọ. Àwọn ọṣẹ kan tí wọ́n ya àwòrán ẹranko sí lára, flúóráìdì inú wọn kò tó 600 ppm, ẹ̀rí pé ìyẹn ń dáàbò bo eyín kò fìdí múlẹ̀. Àwọn olùwádìí kan ní àríwá ìwọ̀-oòrùn England fi ọṣẹ ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ilé àwọn ọmọdé láti ìgbà tí wọ́n ti pé ọdún kan títí wọ́n fi tó ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà. Nígbà tí wọ́n gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2002, eyín tó bàjẹ́ lẹ́nu àwọn tó gba ọṣẹ 1450 ppm fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn tí wọn kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí. Àwọn tó gba ọṣẹ 440 ppm kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Túùbù àgbàlagbà ló ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀, nítorí owó ni ẹ ń rò, ẹ sì jàre. Hóró ẹ̀wà kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ jẹ́ ìdajì gíráàmù. Túùbù gíráàmù 100 á tó àbíkẹ́yìn yín fún 200 ọjọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kún búrọ́ọ̀ṣì, kò ní pé oṣù méjì tí yóò fi tán. Ìwọ̀n tó dáàbò bo ikùn ọmọ ló dáàbò bo àpò yín náà.

Ní ti àkókò, bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lójúmọ́ ni ẹ̀yin fúnra yín lè dúró ti ọmọ náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ alẹ́, kó jẹ́ òun ni ohun ìkẹyìn ṣáájú oorun. Itọ́ ẹnu máa ń gbẹ bí a bá sùn, ásíìdì á sì rí àyè. Lẹ́yìn fífọyín alẹ́, omi lásán ni kó mu. Tàárọ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa bá yín ṣe é. Ọmọ ọdún mọ́kànlá lè ṣe é dáadáa bí ẹ bá fi hàn án: kí ó dúró sẹ́yìn àbúrò rẹ̀, kí ó gbé orí àbúrò náà ti àyà ara rẹ̀, kí ó fi ìka gbé ètè òkè sókè, kí ó wá fọ ibi tí eyín ti pàdé èrìgì. Òun ni kí ó máa tẹ ọṣẹ, kì í ṣe àbúrò. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ àgbà ni ọmọ yẹn ń ṣe.

Eyín tó ti kẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dúró kó bọ́ fúnra rẹ̀. Eyín àkọ́hù tó bá ní ọyún nídìí lè ba èyí tó ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀ jẹ́, ọmọ tí eyín ń ro kò sì ní jẹun, kò ní sùn. Níbi tí ẹ bá lọ, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n ní oògùn olómi kan tó ń jẹ́ silver diamine fluoride. Wọ́n á kàn fi kan ojú ihò náà ni, kò sí ẹ̀rọ tó ń dún, kò sí abẹ́rẹ́. Ó lè dá kíkẹ̀ dúró, ojú ibẹ̀ á kàn dúdú ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fi í sínú ìwé àwọn oògùn tí kò gbọdọ̀ wọ́n ní 2021, ọdún náà ni wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín tó ní flúóráìdì síbẹ̀ pẹ̀lú. Ìyẹn nìkan tó láti fi hàn pé ọṣẹ yìí kì í ṣe ohun afẹ́. Ó sì yẹ kí àwọn tó ń ṣèjọba níbi gbogbo máa mú un dé ọwọ́ irú yín.

*Dókítà, ẹ gbà mí. Àwọn ìbejì mi, ọmọ ọdún méjì àbọ̀, kó sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọṣẹ ìfọyín olóòórùn èso, wọ́n lá èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Inú run ọ̀kan, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ara wọn ti yá báyìí. Kí ni ó yẹ kí n ṣe bó bá tún ṣẹlẹ̀? — Bàbá Ìbejì*

Bàbá Ìbejì, ẹ kú ewu o. Inú rírun àti èébì yẹn, flúóráìdì tó pàdé ásíìdì inú ikùn ló fà á. Ìwọ̀n tí a fi ń dá ewu ńlá mọ̀ ni mílígíráàmù 5 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan. Ọmọ oníkílò 12 á dé mílígíráàmù 60: gíráàmù 60 nìyẹn bí ọṣẹ náà bá jẹ́ 1000 ppm, gíráàmù 40 péré bó bá jẹ́ 1500 ppm. Túùbù gíráàmù 100 tó kún lè ṣe ọmọ méjì léṣe.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n lá díẹ̀ ni, ẹ nu ẹnu wọn, kí ẹ fún wọn ní mílíìkì mu. Kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á di flúóráìdì mú kí ó má lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ púpọ̀. Ẹ má ki ìka bọ̀ wọ́n lọ́fun láti mú wọn bì. Bí ẹ kò bá mọ iye tó wọlé, tàbí tó jọ pé ó pọ̀, tàbí tí èébì kò dáwọ́ dúró, tí ara ọmọ ń rọ, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì mú túùbù náà dání kí dókítà lè ka nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ máa gbé ọṣẹ ìfọyín sí ibi tí ẹ ń gbé oògùn sí. Ní tèmi, ọṣẹ tó ń ta bí èso fún ọmọ tí kò tíì mọ itọ́ ọ tu kò bọ́gbọ́n mu. A kò gbọdọ̀ fi ohun tí a kò fẹ́ kí ọmọ jẹ ṣe ohun tó dùn ún jẹ.

*Ọmọ ọdún mẹ́rin mi kò mọ itọ́ ọ tu. Ṣé kí n máa fún un lómi kó fi ṣan ẹnu? — Màmá Kékeré*

Rárá, ẹ má fún un. Omi tí ẹ bá gbé fún un, yóò gbé e mì pẹ̀lú ọṣẹ náà, èyí tí kò bá sì gbé mì, omi á ti fọ flúóráìdì kúrò lójú eyín. Ẹ jẹ́ kó tẹ orí ba, kí ẹ̀yin àti òun jọ máa tutọ́ bí eré. Yóò mọ̀ ọ́n. Kí ó tó mọ̀ ọ́n, ẹ dín ọṣẹ náà kù sí hóró ìrẹsì, kí ẹ fi aṣọ mímọ́ nu èyí tó ṣẹ́kù. Ẹ̀yin fúnra yín náà, ẹ tu ọṣẹ yín dànù, kí ẹ má fi omi ṣan ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

*Dókítà, ọmọ mi pé ọdún mẹ́jọ, eyín àgbà ti yọ níwájú, ṣùgbọ́n ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára méjì. Ìyá mi ní ọṣẹ tí a fi ń kún búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nígbà tó wà ní kékeré ni. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé eyín náà máa kẹ̀? — Ẹni Tó Ń Ronú*

Ó lè jẹ́ òótọ́. Eyín iwájú tí ẹ ń rí yìí ti ń dá ara rẹ̀ lábẹ́ èrìgì láti ìgbà tí ẹ bí i, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ayé rẹ̀ ni flúóráìdì àgbémì lè fi ojú funfun sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń le koko lórí ìwọ̀n fún àwọn tí wọn kò tíì tó ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ojú funfun ló ti ibẹ̀ wá: bí ọmọ bá ṣubú tó fi eyín àkọ́hù gbá nǹkan, tàbí tí eyín àkọ́hù ní ọyún, èyí tó wà lábẹ́ lè ní àbàwọ́n. Ti flúóráìdì máa ń wà lára eyín méjì tó bá ara wọn dọ́gba lápá ọ̀tún àti òsì. Ti ìṣubú sábà máa ń wà lára ẹyọ kan.

Eyín náà kò ní torí ìyẹn kẹ̀. Ìtàn kan wà níbẹ̀: ní 1901, oníṣègùn eyín kan, Frederick McKay, dé Colorado Springs ní Amẹ́ríkà, ó bá ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà tí àbàwọ́n búráùn wà léyín wọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wádìí rẹ̀, ó sì ṣàkíyèsí pé eyín alábàwọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Ní 1931 ni wọ́n tó mọ̀ pé flúóráìdì inú omi ìlú ló fà á. Láti ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwọ̀n tí yóò dáàbò bo eyín láìfi àbàwọ́n sí i, ìlú Grand Rapids ní Michigan ló sì kọ́kọ́ fi í sínú omi ẹ̀rọ ní oṣù Kìíní ọdún 1945.

Bí ìlà náà bá tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi sílẹ̀, àwọn kan máa ń ṣá bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Bó bá ń tì í lójú, oníṣègùn eyín lè ṣe é kó má hàn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àbàwọ́n búráùn ló wà léyín ọ̀pọ̀ ọmọ àdúgbò kan náà, omi ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí flúóráìdì inú omi mímu má ju mílígíráàmù 1.5 lọ nínú lítà kan, omi abẹ́ ilẹ̀ ní àfonífojì Rift ní ìlà-oòrùn Áfíríkà àti ní apá ibì kan ní India àti Ṣáínà sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀.

*Mo ń tọ́jú àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ olówó wà níbẹ̀, ọmọ mẹ̀kúnnù wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn jọ máa fọyín lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rù àrùn àti ti ọṣẹ tó pọ̀jù ń bà mí. — Olùkọ́ Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́*

Olùkọ́, lẹ́tà yín tù mí nínú, pàápàá lẹ́yìn èyí tí Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin kọ. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe yìí ni Scotland ń ṣe nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Childsmile. Àwọn ọmọ ilé ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ ń fọyín níbẹ̀ lójoojúmọ́ lábẹ́ ojú olùkọ́, wọ́n sì ń fún wọn ní búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sílé. Eyín tó ń kẹ̀ dín kù láàárín àwọn ọmọ náà, àwọn ọmọ àdúgbò tálákà sì ni èrè rẹ̀ tóbi jù lọ fún. Ó yé mi ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀: ọmọ tí kò sẹ́ni tó lè dúró tì í nílé ti rí ẹni dúró tì í.

Ẹ má ṣe gbé túùbù kan búrọ́ọ̀ṣì ọmọ kankan. Ẹ tẹ ọṣẹ sórí àwo mímọ́ tàbí bébà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí àyè wà láàárín wọn, kọ̀ọ̀kan kó tó hóró ẹ̀wà kékeré, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wá fi búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ kó tirẹ̀. Kí búrọ́ọ̀ṣì ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àmì, ẹ fi omi ṣàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tò wọ́n ní òró níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ sí wọn, kí orí ọ̀kan má kan ti èkejì. Kò pọn dandan kí ẹ ní ibi omi púpọ̀, wọ́n lè jókòó sáyè wọn kí wọ́n tu ọṣẹ sínú bébà ìnuwọ́, kí ẹ kó o dànù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àgbà ni kó máa tẹ ọṣẹ nígbà gbogbo. Ìwọ̀n kan náà ni fún ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìwé ránṣẹ́ sí òbí kọ̀ọ̀kan kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí ẹ sì béèrè níbẹ̀ bóyá dókítà ti fún ọmọ ní flúóráìdì oníhóró tàbí olómi tó ń gbé mì. Ọmọ tí egbò bá wà lẹ́nu rẹ̀, kí ó sinmi títí yóò fi jinná, kí ẹ sì fún un ní búrọ́ọ̀ṣì tuntun nígbà tó bá padà.